Àyè Tí Bàbá Dí

"Waliyah, wá bá mi wo èyí, kí n lè mọ̀ bóyá ojú mi ló ń ṣe mí."

Dókítà Ọláwùmí ti lóṣòó síwájú ọpọ́n omi tí wọ́n fi ń fọ gbòǹgbò ìrẹsì, ó ti gbàgbé pé aṣọ ìpàdé ló wọ̀. Obìnrin náà fi ìka méjì gbé igi ìrẹsì kan sókè, omi sì ń kán sílẹ̀ láti ara gbòǹgbò rẹ̀. Gbòǹgbò náà gùn, ó nípọn, ó funfun, àwọn ẹ̀ka tín-ín-rín sì bò ó bí irùngbọ̀n.

"Bẹ́ẹ̀dì wo lo ti hú u?"

"Bẹ́ẹ̀dì Arọ ni, mà."

"Arọ?"

"Arọ ni, mà. Èmi náà ti wo àmì rẹ̀ léraléra. Kì í sì í ṣe ẹyọ kan. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ló rí bẹ́ẹ̀."

Ọ̀gá rẹ̀ jókòó sórí sìmẹ́ǹtì tó tutù, ó bú sẹ́rìn-ín bí ọmọdé.

Orúkọ ìnagijẹ ni Arọ. Irú ìrẹsì méjì ni wọ́n ń ṣe ìwádìí lé lórí ní ilé-ẹ̀kọ́ tí Waliyah ti ń ṣiṣẹ́ ní Ìkòròdú. Nínú gbòǹgbò ìrẹsì, àwọn purotéènì kan wà tí iṣẹ́ wọn kò yàtọ̀ sí ti alábàárù inú ọjà. Àwọn ló ń gbé oúnjẹ ilẹ̀ wọlé fún igi ìrẹsì, bí iyọ̀ bá sì fẹ́ bá omi gòkè lọ sínú ewé, àwọn náà ló ń gbé e padà kó má baà pa á. Èyí tí alábàárù rẹ̀ lágbára ni àwọn tó wà ní láàbù ń pè ní Géńdé. Èyí tí àbùkù wà lára alábàárù tirẹ̀ láti ìran rẹ̀ wá ni wọ́n ń pè ní Arọ. Nínú omi dídùn, kò sí ẹni tó lè dá wọn mọ̀ yàtọ̀. Inú omi oníyọ̀ la ti ń mọ ọkùnrin. Ibẹ̀ ló yẹ kí gbòǹgbò Arọ ti kúrú, kí ewé rẹ̀ jó láti ṣóńṣó, kó sì kú.

Arọ kò kú. Ó tilẹ̀ fẹ́ ju Géńdé lọ.

"Ṣé o mọ ohun tó wà lọ́wọ́ wa yìí?" ni Dókítà Ọláwùmí wí. "Ó ní láti jẹ́ pé ọ̀nà mìíràn wà tí ìrẹsì ń gbà lé iyọ̀ jáde, tí ẹnikẹ́ni kò tíì rí. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni àwọn tó ń gbọ́ bùkátà iṣẹ́ yìí ń bọ̀. Ìwọ lo máa dúró síwájú wọn sọ ọ́, kì í ṣe èmi. Bí wọ́n bá rí èyí, ta ni yóò tún máa sọ pé iṣẹ́ rẹ parí ní ìparí oṣù?"

Waliyah rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín àkọ́kọ́ tó rín nìyẹn láti ìgbà tí wọ́n ti sin bàbá rẹ̀, ó sì yà á lẹ́nu pé ẹnu òun ṣì mọ bí wọ́n ṣe ń rín in.

"Oko bàbá rẹ ni," ni ọ̀gá rẹ̀ tún sọ, ohùn rẹ̀ ti rọlẹ̀. "Ọwọ́ wọn ló tọ́jú rẹ̀. Ọlọ́run á tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. Orúkọ wọn máa wọ inú ìwé yìí, mo ṣèlérí fún ọ."

"Àmín, mà. Ẹ ṣeun, mà."

Ó tún bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọpọ́n, ó ń fọ gbòǹgbò, omijé sì ń bá omi ọpọ́n ṣeré. Kò nù ún. Ó ní bàbá òun ì bá mà gbọ́.

*

Ọjọ́ tí wọ́n ń ṣe fídáù ọjọ́ kẹjọ ni ó wọ ọkọ̀ lọ sí Ẹ̀pẹ́. Bí ọkọ̀ ti kọjá Ìtọ́ìkín tí ilẹ̀ àbàtà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lápá ọ̀tún, ọkàn rẹ̀ lọ sí ọjọ́ tó kó irúgbìn náà dé ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀.

Àgbẹ̀ ìrẹsì ni Bàbá Tìrìmísíyù tó bí Waliyah, àwọn ará ilé rẹ̀ yòókù sì jẹ́ apẹja. Ó máa ń sọ pé ẹja kì í dúró de ẹni, ìrẹsì ní sùúrù. Oko rẹ̀ wà létí ọ̀sà, níbi tí omi oníyọ̀ ti máa ń rá wọlé bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti mú. Ìdí nìyẹn tí Waliyah fi bẹ̀ ẹ́ pé kó fún òun ní igun kan.

"Alábàárù inú gbòǹgbò," ni bàbá rẹ̀ wí nígbà tó ṣàlàyé tán. "Ta ló ń san owó iṣẹ́ wọn?"

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́."

"Mò ń bi ọ́ ni. Alábàárù ọjà Ẹ̀pẹ́ kì í gbé ẹrù ọ̀fẹ́." Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbà á. Nígbà tí ikọ́ náà tú u sílẹ̀, ó ní, "Ó dáa, Dókítà onírẹsì. Sọ ohun tí o fẹ́ kí n ṣe."

Waliyah sọ ọ́. Ó ní kí wọ́n má fi omi kànga rin ín. Kí wọ́n má da ajílẹ̀ sí i. Kí wọ́n má fín oògùn kòkòrò sí i láìkọ́kọ́ pè é. Kí wọ́n má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fa àmì tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì tu. Bàbá rẹ̀ tún gbogbo rẹ̀ kà fún un bí ọmọ kéwú tó ń ka wàláà, kò sì ṣi ẹyọ kan. Iṣẹ́ pọ̀ ní láàbù lẹ́yìn náà, Waliyah kò sì ráyè lọ bó ti fẹ́. Fóònù ló fi ń bèèrè.

"Bàbá, ṣé wọ́n ń ṣe dáadáa?"

"Wọ́n ń ṣe dáadáa. Fọkàn balẹ̀. Ojú ò ní tì ọ́."

Bó bá ti pè, ohun tó máa gbọ́ nìyẹn. Nígbà tó wá hú àwọn igi náà kó lọ sí Ìkòròdú, inú yàrá ni bàbá rẹ̀ wà, àyà ló ń dùn ún, kò lè tẹ̀lé e dé oko. Ojú fèrèsé ló ti juwọ́ sí i. Kò pẹ́ sí ìgbà náà tí Mubashir, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, fi pè é pé kó máa bọ̀ nílé, kó má bèèrè nǹkan kan.

*

Àwọn ààfáà ti ṣàdúà lọ, wọ́n ti pín sàráà tán, àwọn aládùúgbò sì ti kó àwo wọn lọ, kí Waliyah tó ráyè jókòó ti ìyá rẹ̀. Màmá Sìlífátù wà nínú opó, kò lè jáde. Lórí ẹní ló jókòó sí pẹ̀lú ìbòrí funfun, ẹsẹ̀ rẹ̀ nà síwájú, ojú rẹ̀ ti wú. Ùsmán, àbúrò olóògbé, jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń fi igi tín-ín-rín ta eyín.

Waliyah fẹ́ fún ìyá rẹ̀ ní ohun kan tó lè tù ú nínú. Òun nìkan ló ní irú ẹ̀ lọ́wọ́ nínú gbogbo àwọn tó wá lọ́jọ́ náà.

"Màmá, ìrẹsì tí Bàbá bá mi tọ́jú yẹn yọrí o. Inú ọ̀gá mi dùn débi pé wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Wọ́n ní orúkọ Bàbá máa wọ inú ìwé tí gbogbo ayé máa kà."

"Alihamudulilahi." Ìyá rẹ̀ gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó fi pa ojú. "Ùsmán, ṣé o gbọ́? Iṣẹ́ ọwọ́ wọn kò já sásán."

"Mo gbọ́, ìyàwó wa. Ẹ̀gbọ́n mi jìyà lórí ìrẹsì yẹn."

"Wọ́n jìyà," ni Màmá wí. Ó yí sí Waliyah. "O ò lè mọ̀, torí wọ́n ní a kò gbọdọ̀ sọ fún ọ. Bẹ́ẹ̀dì kan fẹ́ dójú tì ọ́. Èyí tó wà lápá ọ̀sà yẹn. Bí omi iyọ̀ ti dé, ewé wọn bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ, ni wọ́n bá ń kú. Bàbá rẹ kò lè jẹun. Wọ́n ní báwo ni ọmọ àwọn ṣe máa kó ọ̀gá rẹ̀ wá wo oko tó pá lórí? Mo ní kí wọ́n pè ọ́. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́."

"Kí ni wọ́n wá ṣe?" ni Waliyah bèèrè.

"Kí ni àgbẹ̀ máa ń ṣe? Ṣebí ẹ ṣẹ́ èyí tó pọ̀ kù níbi tí irúgbìn ti kọ́kọ́ hù? Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń hú u. Èyí tó bá ti kú, wọ́n á fà á tu, wọ́n á fi òmíràn dí àyè rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ títí bẹ́ẹ̀dì yẹn fi kún padà. Bí o ṣe rí i tó dúdú mìnìjọ̀ yẹn, ọwọ́ bàbá rẹ ni."

Ó ń sọ ọ́ bí ẹni tó ń ka oríkì. Ojú rẹ̀ ti mọ́lẹ̀ díẹ̀.

Waliyah mọ ohun tó wà níbẹ̀. Àwọn tó ṣẹ́ kù níbi tí irúgbìn ti hù, Géńdé ni gbogbo wọn. Òun fúnra rẹ̀ ló fi wọ́n síbẹ̀ nígbà tí bẹ́ẹ̀dì Géńdé kún, ó ní kí Bàbá fi ṣe ohun tó bá wù wọ́n. Gbogbo gbòǹgbò funfun tí ọ̀gá rẹ̀ gbé sókè, Géńdé ni. Kò sí ọ̀nà mìíràn kankan. Kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì rí. Bàbá rẹ̀ ni.

"Kí ló dé?" ni ìyá rẹ̀ bi í. "Ṣé kò dáa ni?"

"Ó dáa, Màmá." Ó dìde. "Bàbá Ùsmán, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dé oko."

*

Oòrùn ti ń rọ̀ nígbà tí wọ́n dé etí ọ̀sà. Ùsmán ló ṣáájú, ó ń fi àdá ti koríko sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì ń sọ̀rọ̀ láìbojú wẹ̀yìn.

"Mo ní kí n bá wọn ṣe é. Wọ́n kọ̀. Wọ́n ní iṣẹ́ ọmọ àwọn ni, àwọn ò fẹ́ kí ẹlòmíràn ṣì í ṣe. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ gbin díẹ̀, àyà á mú wọn, wọ́n á lọ jókòó sí bèbè. Bó bá ti fi wọ́n sílẹ̀, wọ́n tún wọ inú omi. Mo bú wọn títí, Waliyah. Wọ́n kàn ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ilẹ̀ kì í fẹ́ àlàfo, bí ènìyàn ò bá gbin nǹkan sí i, koríko á fi ara rẹ̀ joyè níbẹ̀."

Ọ̀rọ̀ tí Waliyah gbọ́ dàgbà nìyẹn. Lọ́dọ̀ wọn, àgbẹ̀ tó bá jẹ́ kí àyè òkú ìrẹsì wà lófìfo, ọ̀lẹ ni wọ́n ń pè é, bí ọmọ rẹ̀ bá sì fẹ́ lọ́kọ, wọ́n á rántí. Láti kékeré ni òun náà ti ń tẹ̀lé bàbá rẹ̀ pẹ̀lú agbọ̀n, tó ń na ìrẹsì kéékèèké sí i lọ́kọ̀ọ̀kan, tí Bàbá ń dí àyè. Nígbà tó ń ka gbogbo ohun tí wọn kò gbọdọ̀ ṣe fún un, kò rántí mẹ́nu ba èyí. Ó ti kàwé débi tó fi gbàgbé ohun tí ọwọ́ bàbá rẹ̀ ń ṣe láìrò ó.

"Àwọn tó kú dà?" ni ó bèèrè.

Ùsmán fi àdá tọ́ka sí ìdí igi àgbọn kan. Òkìtì koríko gbígbẹ ló kọ́kọ́ rò pé ó wà níbẹ̀. Nígbà tó súnmọ́ ọn, ó rí i pé ìrẹsì ni, Bàbá sì ti dì wọ́n ní ìdì ìdì, ó fi okùn wé wọn. Kì í da nǹkan nù, bó tilẹ̀ jẹ́ òkú. Ó ti ní i lọ́kàn pé wọ́n á wúlò fún ìdáná.

Waliyah fa ẹyọ kan yọ. Ewé rẹ̀ ti jó láti ṣóńṣó dé ìdí. Gbòǹgbò rẹ̀ kò gùn ju ìka lọ, ó ti pọ́n bí ìpẹtà, kò ní ẹ̀ka. Arọ nìyí. Ohun tí gbogbo ìwé sọ nípa rẹ̀ náà ló ṣe. Alábàárù rẹ̀ kò lè gbé iyọ̀ padà, iyọ̀ gòkè, ó kú. Òótọ́ tí wọ́n ń wá káàkiri ní Ìkòròdú wà ní ìdí igi àgbọn, bàbá rẹ̀ ló sì fi okùn dì í.

Inú bí i. Ó bínú sí òkú, èyí sì bà á lẹ́rù. Ó bínú sí ara rẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó wá rò ó bí ọkùnrin náà ti ń gbé ọwọ́ lé àyà lórí bèbè, tó tún ń padà sínú omi oníyọ̀ nítorí kí ojú má baà ti ọmọ rẹ̀, ẹkún sì já mọ́ ọn lẹ́nu. Ùsmán yí ojú sí ọ̀sà.

Nígbà tó ṣe, Waliyah nu ojú, ó kó ìdì mélòó kan sínú ọ̀rá.

"Kí lo fẹ́ fi ṣe?" ni Ùsmán bi í.

"Mo fẹ́ fi han ọ̀gá mi."

*

Dókítà Ọláwùmí kò pariwo. Ì bá sàn bó bá pariwo. Ó tú ìdì kan sórí tábìlì láàbù, ó wò ó, ó gbé gbòǹgbò funfun tọ̀sẹ̀ tó kọjá sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó tún wò ó. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Ṣé èwo ni wọ́n dí, èwo ni wọn ò dí, a lè mọ̀ ọ́n?"

"A ò lè mọ̀ ọ́n mọ́, mà. Wọ́n kó gbogbo òkú jọ pọ̀ ni."

"Ìyẹn ni pé bẹ́ẹ̀dì yẹn ti lọ."

"Ó ti lọ, mà."

Ọ̀gá rẹ̀ dìde, ó ti ilẹ̀kùn, ó padà wá jókòó. Ènìyàn rere ni, òun ló sì tọ́ Waliyah dàgbà nínú iṣẹ́ náà. Ohun tó mú ọ̀rọ̀ tó sọ tẹ̀lé e ṣòro láti gbọ́ nìyẹn.

"Gbọ́ mi, ọmọ mi. Mi ò ní purọ́ pé Arọ yè. Ìyẹn ti kúrò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n jẹ́ ká sọ pé omi ọ̀sà gbé bẹ́ẹ̀dì yẹn lọ. Omi máa ń gbé oko lọ, gbogbo ènìyàn mọ̀. Bí a bá sọ pé olóko ló ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, wọ́n á bèèrè ta ni olóko. A máa ní bàbá rẹ ni. Wọ́n á ní ta ló yàn án. Ìwọ ni. Ìwọ ni ìyà máa kọ́kọ́ jẹ, Waliyah, mi ò sì ní lè gbà ọ́ sílẹ̀. Àti pé ilẹ̀ ibojì ọkùnrin náà kò tíì gbẹ. Kí ló dé tí a máa gbé orúkọ wọn síwájú àlejò pé àwọn ló ba iṣẹ́ jẹ́?"

Waliyah wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ẹrẹ̀ oko ṣì wà lábẹ́ èékánná rẹ̀. Ohun tí wọ́n fún un yìí, àánú ni, ó mọ̀ ọ́n ní àánú, ó sì wù ú kó gbà á. Bó bá gbà á, kò sí ẹni tí yóò dárúkọ Bàbá sí búburú. Kò sì sí ẹni tí yóò dárúkọ Bàbá rárá. Omi yóò gba iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, gbogbo bíbẹ̀rẹ̀ yẹn, gbogbo jíjókòó sí bèbè yẹn. Yóò wá dà bí ẹni pé kò sí ẹni tó wọ inú oko náà.

"Omi ò gbé nǹkan kan lọ, mà," ló wí. "Bàbá mi ló dí i. Wọ́n gbọ́ gbogbo ohun tí mo ní kí wọ́n má ṣe, wọn ò sì ṣe ọ̀kankan. Èmi ni mi ò sọ èyí fún wọn. Bí ẹ bá gbà fún mi, bí mo ṣe máa sọ ọ́ nìyẹn."

"Wọn ò ní gbà ọ́ padà síṣẹ́."

"Mo mọ̀, mà."

Bẹ́ẹ̀ náà ló sì rí. Nígbà tí àwọn àlejò náà dé, ó dúró síwájú wọn pẹ̀lú ìdì òkú ìrẹsì lọ́wọ́ kan, gbòǹgbò funfun lọ́wọ́ kejì, ó sì sọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ó pe orúkọ bàbá rẹ̀ ketekete. Wọ́n tẹ́tí sí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ọ̀kan nínú wọn tilẹ̀ bá a kẹ́dùn. Lẹ́yìn náà wọ́n bá ọ̀gá rẹ̀ wọ yàrá lọ, wọ́n pẹ́ níbẹ̀, nígbà tí oṣù sì parí, wọ́n fa àga Waliyah fún ẹlòmíràn.

Dókítà Ọláwùmí sìn ín dé ẹnu géètì. Ó na àpò kékeré kan sí i.

"Irúgbìn ló wà níbẹ̀. Géńdé àti Arọ. Mi ò ní nǹkan kan tí mo lè fi kún un. Bí o bá fẹ́ tún un gbìn fúnra rẹ, mú u. Bí kò bá yá ọ, sè é jẹ."

*

"O máa tún un gbìn?" ni Màmá Sìlífátù bèèrè. "Ṣé èyí tí bàbá rẹ ṣe kò tó wọn ni?"

Ìyá náà ṣì wà lórí ẹní rẹ̀, opó kò tíì tú. Waliyah jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń ṣa àfè, èyí tí kò lọ́mọ nínú, kúrò nínú irúgbìn tó dà sórí àtẹ. Ó ti pinnu nínú ọkọ̀ pé òun ò ní sọ ohunkóhun fún un. Ohun kan ṣoṣo tó ń tu obìnrin yìí nínú, òun kọ́ ni yóò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

"Wọ́n fẹ́ rí i lẹ́ẹ̀kan sí i, Màmá."

"Ó dáa. Ùsmán máa bá ọ mójú tó o. Èyí tó bá kú, á máa fi òmíràn dí i fún ọ."

"Rárá, Màmá." Ó yára sọ ọ́ ju bó ti yẹ lọ. "Kó má dí i. Èyí tó bá kú, kí ẹ jẹ́ kó kú síbẹ̀. Mo fẹ́ rí àyè rẹ̀."

Màmá Sìlífátù wo ojú ọmọ rẹ̀, ó wo àtẹ, ó tún wo ojú ọmọ rẹ̀. Kò kàwé, ṣùgbọ́n òun ló bí i.

"Àyè rẹ̀ lo fẹ́ rí," ló wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. "Àyè rẹ̀ lo fẹ́ rí láti ìbẹ̀rẹ̀. Waliyah, bàbá rẹ ba iṣẹ́ rẹ jẹ́."

Irọ́ ti wà lẹ́nu Waliyah. Ó gbé e mì.

"Wọ́n bà á jẹ́, Màmá."

"Iṣẹ́ yẹn ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ, àbí?"

"Ó ti bọ́. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ẹ ti bí mi, kò sí ẹni tó ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún mi rí."

Ìyá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, kì í ṣe ẹkún ariwo tó ń sun níwájú àwọn abánikẹ́dùn, ẹkún kan tó ń jáde bí omi tó ń yọ lábẹ́ ògiri. "Mo dúpẹ́ pé wọn ò mọ̀ kí wọ́n tó lọ," ló ń wí. "Ùn ún, mo dúpẹ́. Ọkàn wọn ì bá bàjẹ́." Waliyah gbé àtẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó fi orí lé e lẹ́sẹ̀, ìyá rẹ̀ sì ń fi ọwọ́ pa á lórí títí àwọn méjèèjì fi dákẹ́. Nígbà tó ṣe, Màmá fa àtẹ náà sọ́dọ̀ ara rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá a ṣa àfè.

Waliyah mú irúgbìn náà hù, ó gbìn ín, ó pààlà bẹ́ẹ̀dì. Ùsmán bá a tún bèbè ṣe, kò sì ti ọwọ́ bọ ohun yòókù. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn mú tí omi oníyọ̀ rá wọlé, ewé Arọ bẹ̀rẹ̀ sí í jó láti ṣóńṣó.

Òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó dé ibi èyí tó kọ́kọ́ kú. Ó ti dojú bolẹ̀ sínú omi. Kó tó mọ̀, ọwọ́ rẹ̀ ti fà á tu, ọwọ́ kejì sì ti nà sẹ́yìn, ó ń dúró kí ẹnìkan na òmíràn sí i láti inú agbọ̀n. Kò sí ẹnikẹ́ni lẹ́yìn rẹ̀. Ó dúró bẹ́ẹ̀ nínú omi, ọwọ́ nínà, ó pe bàbá rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Lẹ́yìn náà ó fa ọwọ́ náà padà. Ó wọn gbòǹgbò èyí tó kú, ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó fi àyè náà sílẹ̀ bó ṣe wà, ó sì kọjá sí èyí tó tẹ̀lé e.